Ẹ Kú Oríire Kì Í Ṣe Ẹ Kú Agbára

Bákan náà ni ọjọ́ eré ìdárayá ọdọọdún máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á ti fi ẹfun fa ìlà sórí pápá láti àárọ̀. Wọ́n á ta àtíbàbà fún àwọn òbí àti àwọn àlejò pàtàkì, àwọn ọmọ á sì wọ aṣọ tí ó bá àwọ̀ ilé wọn mu. Fèrè á dún, ọmọ mẹ́jọ á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú sì tó ṣẹ́, eré ti parí. Ọ̀kan á fi àyà já okùn, wọ́n á sì gbé e lé èjìká. Àwọn yòókù á rọra padà sí abẹ́ igi. Ẹni tí ó ṣe ìkẹjọ á jókòó sórí gbòǹgbò, á máa tú okùn bàtà rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ni ó jẹ̀bi.

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn á yí ìyá ọmọ tí ó gba ipò kìíní ká. Kò sí ẹni tí yóò kí i pé "Ẹ kú agbára." Kò sí ẹni tí yóò kí i pé "Ẹ kú eré sísá." Ohun tí gbogbo ẹnu á sọ ni pé, "Ẹ kú oríire o!" Ìyá náà á sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun o, ire á kárí."

Ìkíni yìí ti mọ́ Yorùbá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fi ronú sí i mọ́. Síbẹ̀, ìdájọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà kò fọ́jú. Wọ́n rí i pé ọmọ náà sáré, wọ́n sì rí òógùn tí ó ń ṣàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ yin ìṣẹ́gun náà, orí ni wọ́n dárúkọ, wọn kò dárúkọ ẹsẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni ó gbé ọmọ náà dé ibi okùn.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí òde òní tún etí gbọ́ ìkíni yìí, nítorí pé ìdíje àwọn ọmọdé ti ń di ogun àwọn àgbà. Bàbá ń bá rẹfirí jà létí pápá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò borí ń wá ẹni tí ó fi ayé bá ọmọ òun. Olùkọ́ ń pe ọmọ tí ó ṣe ìkẹjọ ní ọ̀lẹ. Ọmọ tí ó borí ń rò pé òun ti di àkàndá ẹ̀dá. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn kan ń yí ọjọ́ ìbí ọmọ padà kí ó lè borí. Gbogbo ìwà wọ̀nyí, gbòǹgbò kan ni wọ́n ní: àìmọ iye ohun tí kì í ṣe ti ọmọ nínú ìṣẹ́gun ọmọ.

ÌTÀN ORÍ MẸ́TA

Àwọn babaláwo ní ìtàn kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sí òde ayé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà síbì kankan lójú ọ̀nà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ tààrà. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì mú orí tí ó wù wọ́n, èyí tí ó tóbi tí ó sì ń dán, ṣùgbọ́n tí kò jinná dénú. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sáyé ni òjò bá wọn lọ́nà, òjò náà sì wọ́ orí wọn jẹ. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, èrè kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kí ó rúbọ, iyọ̀ àti owó sì wà lára ohun tí ó gbé kúrò níbẹ̀. Ó fi iyọ̀ tọrẹ fún oníbodè kan tí ń fi eérú se ọbẹ̀, oníbodè náà sì mú un dé ilé Àjàlá. Olówó ti ká Àjàlá mọ́lé, amọ̀kòkò náà sì ti sá pamọ́ sí àjà. Afùwàpẹ́ bá a san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ bá a ṣa orí tí ó jinná, tí òjò kò lè ràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìtàn yìí sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìtàn náà yóò rí nǹkan mìíràn. Níbo ni orí rere Afùwàpẹ́ ti wá? Ó wá láti ilé bàbá rẹ̀, nínú iyọ̀ tí ó mú dání, lọ́wọ́ oníbodè tí ó pàdé lọ́nà, àti nínú owó tí ó wà lápò rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n sin Àjàlá lówó. Ó lo làákàyè tirẹ̀, òótọ́ ni, nítorí pé òun ni ó yà sílé bàbá, òun ni ó sì lawọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iyọ̀ nílé bàbá, kí ni yóò fún oníbodè? Ohun tí Yorùbá ń pè ní orí, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó fi àyà já okùn lórí pápá rí.

OṢÙ TÍ A BÍ ỌMỌ

Yorùbá kì í fi ọ̀ràn àsìkò ìbí ṣeré. Ọmọ tí a bí lákòókò ọdún ń jẹ́ Abíọ́dún, èyí tí a bí lọ́nà ń jẹ́ Abíọ́nà, èyí tí ó bá òjò wá ń jẹ́ Béjídé. Ohun tí ó wà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ni pé àsìkò tí ènìyàn wọ ayé jẹ́ apá kan nínú ẹrù rẹ̀. Ìmọ̀ òde òní ti wá ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn lọ́nà tí àwọn àgbà kò retí.

Ní Kánádà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́. Gbogbo ọmọ tí a bí láàrin ọdún kan náà ni yóò wà nínú ẹgbẹ́ kan. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, àwọn olùwádìí, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ka ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù họ́kì wọ̀nyí. Wọ́n rí i pé àwọn tí a bí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n yàn, àwọn tí a bí ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn sì kéré.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò tíì lò ju oṣù 120 lọ láyé. Ẹni tí a bí ní oṣù kìíní fi oṣù 11 ju ẹni tí a bí ní oṣù kejìlá lọ, oṣù 11 nínú 120 kì í sì í ṣe kékeré lára egungun ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń bá àbúrò sáré, ṣùgbọ́n ìwé sọ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Olùkọ́ rí èyí tí ó ga, ó yàn án. Nítorí pé ó yàn án, ó kọ́ ọ dáadáa. Nítorí pé ó kọ́ ọ dáadáa, ọmọ náà dára ju àwọn yòókù lọ ní tòótọ́ nígbà tí ó bá fi máa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ènìyàn á wá sọ pé, "Ẹ ò rí i? Láti kékeré ni a ti mọ̀ ọ́n." Kò sí ẹni tí yóò rántí èyí tí a bí ní oṣù kejìlá, tí ó ti jókòó sábẹ́ igi láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé agbára àbímọ́ni ni, kí ó wo Bẹ́ljíọ̀mù. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni wọ́n fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí di ọdún 1997, nígbà tí wọ́n yí i sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Kò pẹ́ tí àǹfààní náà fi kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí a bí ní oṣù kẹjọ, tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọ̀run kò yí ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni padà ní ọdún náà. Gègé akọ̀wé ni ó yí ọjọ́ padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí. Ohun tí àwọn olùkọ́ ṣe ni pé kí ọmọ gbé ọwọ́ kọjá lórí kí ó fi kan etí òdìkejì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó lọ sílé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá kan án, kí ó padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó wà láyé lónìí ni ó rántí ọjọ́ tí ọwọ́ wọn kò tó etí. Gígùn ọwọ́ ni wọ́n wọ̀n, wọ́n sì pè é ní ọjọ́ orí. Ọmọ kúkúrú tí ó pé ọdún mẹ́fà padà sílé, ọmọ gígùn tí kò tíì pé e wọlé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó pẹpẹ lónìí kò ní tó o láéláé.

PÁPÁ KÌ Í ṢE ỌPỌ́N AYÒ

Eré kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí orí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Eré náà ni ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni ti ọ̀tún, bákan náà ni ti òsì. Afẹ́fẹ́ kò lè gbé ọmọ ayò, òjò kò lè mú ọpọ́n yọ̀, kò sí rẹfirí tí yóò ṣi fèrè fọn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Nítorí èyí ni àṣà fi gba ọ̀ta láàyè láti fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba, kí àwọn tí ń wòran sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi òpè ni.

Ṣùgbọ́n pápá kì í ṣe ọpọ́n ayò. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní pápá tí ó tẹ́jú, èkejì ń fi ààyè tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan jẹun kí ó tó kúrò nílé, èkejì rin máìlì mẹ́ta wá. Ọ̀kan ní bàtà, èkejì yá bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Èkó. Ní ọdún 1956, Àlùfáà Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr's sílẹ̀. Àlùfáà yìí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù débi pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣe rẹfirí. Kò yani lẹ́nu pé bọ́ọ̀lù di nǹkan ńlá nílé-ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀ ni Henry Nwosu, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó gba Ife Áfíríkà ní Èkó ní ọdún 1980, ti kàwé. Níbẹ̀ náà ni Stephen Keshi ti kàwé, ẹni tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ tí ó gba ife kan náà ní ọdún 1994, tí ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún 2013. Ẹ̀bùn àwọn ọkùnrin méjèèjì kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni ó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní abúlé tí kò sí àlùfáà abọ́ọ̀lù, tí kò sí pápá, tí kò sí ẹni tí yóò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó sì sọ pé, "Ọmọ yìí, wá"? Ẹni tí kò rí oníbodè kò lè dé ilé Àjàlá.

BỌ́Ọ̀LÙ RÌBÌTÌ

Gbogbo ènìyàn tí ó dàgbà ní ọdún 1989 ni ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Dammam ní Saudi Arabia. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ni. Soviet ti fi góòlù mẹ́rin sí òdo gbá Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ sì ti pa rédíò wọn. Láàrin ìṣẹ́jú tí kò tó 25, àwọn ọmọ náà dá góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n sì borí nígbà tí wọ́n gbá pẹ́náritì. Iṣẹ́ ìyanu Dammam ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó máa ń rántí bí ìdíje náà ti parí: Portugal na àwọn ọmọ kan náà ní góòlù méjì sí òdo, wọ́n sì gbé ife lọ. Ọdún méjì ṣáájú, ní Kánádà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 16 lọ ti dé àṣekágbá pẹ̀lú Soviet, pẹ́náritì náà ni ó pín wọn, ti Nàìjíríà kò sì wọlé tó. Ẹni tí ó bá sọ pé àwọn ti 1989 jẹ́ akíkanjú, tí àwọn ti 1987 jẹ́ ọ̀lẹ, kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní ọdún 2007, ní Korea, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò ju ọdún 17 lọ gba ife àgbáyé. Yemi Tella ni ó kọ́ wọn. Àrùn jẹjẹrẹ ti ń jà á nígbà náà, ó sì kú ní oṣù kẹwàá ọdún náà, kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìṣẹ́gun rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gba iyì iṣẹ́ olùkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, òdo sí òdo ni àṣekágbá náà pẹ̀lú Spain, pẹ́náritì ni ó parí rẹ̀. Bojan Krkić, ògúnnágbòǹgbò ọmọ Spain, kò sì sí lórí pápá lọ́jọ́ náà nítorí pé wọ́n ti lé e jáde nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó ṣáájú. Ó ha di dandan kí ife náà bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà bí ó bá wà níbẹ̀? Kò sí ẹni tí ó lè búra.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ìdíje kan náà. Nàìjíríà na Jámánì ní góòlù mẹ́ta sí ọ̀kan kí ó tó dé àṣekágbá. Ọmọ kan wà nínú àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n fi omijé kúrò lórí pápá lọ́jọ́ náà. Toni Kroos ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2014, ó wà nínú ẹgbẹ́ Jámánì tí ó gba Ife Àgbáyé àwọn àgbà ní Brazil. Ìgbà kò lọ bí òréré. Ẹni tí ó ṣubú ní ọmọ ọdún 17 ni ó dìde ní ọmọ ọdún 24.

ÀWỌN TÍ Ń FẸ́ RA ORÍ

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá mọ̀ pé ọdún kan tàbí méjì lè fún ọmọ ní ìṣẹ́gun, tí wọn kò sì ní ìbẹ̀rù, wọ́n á fẹ́ ra ọdún náà. Báyìí ni ọ̀ràn yíyí ọjọ́ orí padà ṣe wọlé. Ní ọdún 1989 kan náà tí inú gbogbo ènìyàn dùn sí Dammam, FIFA fi òfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Nàìjíríà fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bára mu láti ìdíje kan sí òmíràn. Nàìjíríà ni ó yẹ kí ó gba àlejò ìdíje ọ̀dọ́ ti ọdún 1991. Wọ́n gbé e lọ sí Portugal, Portugal sì gba ife náà nílé ara wọn. Nígbà tí Nàìjíríà wá gba àlejò ìdíje àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní ọdún 2009, ìgbà náà ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yàwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀, nítorí pé egungun kì í tètè parọ́ bí ìwé.

Ta ni ó jìyà jù nínú gbogbo èyí? Kì í ṣe àwọn àgbà tí wọ́n kọ ọjọ́ irọ́ sínú ìwé. Ọmọ ọdún 15 tòótọ́ kan ni, tí ó jí ní ìdájí, tí ó sáré yí pápá ká, tí ó sì rí i ní ọjọ́ ìdánwò pé ẹni tí ó ti ń fá irùngbọ̀n ni òun ń bá du àyè kan. Wọ́n jí orí ọmọ náà gbé. Nínú ìjàkadì àtijọ́, ẹgbẹ́ ni ó ń bá ẹgbẹ́ jà. Àgbàlagbà tí ó bá wọ agbo ọmọdé láti dá ọmọdé, ẹ̀gàn ni yóò gbà níbẹ̀, kì í ṣe ìyìn. Ohun ìtìjú lójú agbo kò yẹ kí ó di ọgbọ́n lójú ìwé.

ǸJẸ́ KÍ ỌMỌ MÁ ṢE SAPÁ MỌ́?

Àwọn kan á sọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò sọ àwọn ọmọ di ọ̀lẹ. Wọ́n á ní bí ó bá jẹ́ orí ni ó ń sáré, kí ni ọmọ fẹ́ jí ní ìdájí fún? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, àwọn babaláwo sì ti dáhùn rẹ̀. Wọ́n ní nígbà kan, àwọn orí péjọ, wọ́n dámọ̀ràn ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí ìpàdé. Gbogbo ìmọ̀ràn náà kò lọ síwájú. Ìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ohun tí wọ́n rò fi wá sí ìmúṣẹ. Ẹni tí ó gbójú lé orí tí kò gbé ẹsẹ̀ kò gba ohun tí orí fẹ́ fún un. Góòlù mẹ́rin Dammam, orí kọ́ ni ó gbá wọn wọlé. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí kò gbà pé ó ti parí ni.

Nítorí náà, ìsapá jẹ́ gbèsè ọmọ. Ìṣẹ́gun kì í ṣe gbèsè rẹ̀. Ọmọ tí a bá kọ́ ní èyí kò ní di ọ̀lẹ. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ ni. Bí ó bá borí, kò ní gbéraga, nítorí pé ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn fún òun ní iyọ̀ lọ́nà. Bí kò bá borí, kò ní wá àjẹ́ kiri ilé, kò sì ní pe ara rẹ̀ ní òfo.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ olùkọ́ àti òbí. Kí olùkọ́ kọ oṣù ìbí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ tí ó yàn, kí ó sì wò ó bóyá gbogbo wọn ni a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gíga ni ó yàn, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kí ó má ṣe lé ọmọ ọdún mẹ́wàá kúrò lórí pápá títí láé nítorí eré ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ṣe ìkẹjọ nínú eré kúkúrú lè jẹ́ akọni nínú eré gígùn. Kí bàbá fi rẹfirí sílẹ̀. Kí ìyá fi ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ti fi í fún un.

Ní ìparí, àṣà kò dá ọmọ tí kò borí dá ìbànújẹ́ rẹ̀. Bí ìkíni "Ẹ kú oríire" ti wà, bẹ́ẹ̀ ni "Ẹ kú ìyànjú" wà. Ọ̀kan wà fún ẹni tí orí bá ṣe, èkejì wà fún gbogbo ẹni tí ó gbéra nígbà tí fèrè dún. Àwọn tí wọ́n yí ìyá ọmọ tí ó gba ipò kìíní ká ṣe ohun tí ó tọ́. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹnì kan nínú wọn rìn dé abẹ́ igi, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ tí ń tú okùn bàtà, kí ó sì sọ fún un pé, "O kú ìyànjú, ọmọ mi." Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni ó ń wò. Kí àwọn àgbà má ṣe yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn.